Ebi Létí Oko Ìbẹ̀wò

Ìrì kò tíì gbẹ lórí koríko nígbà tí Ìbídùn rì iṣu kejìlélógún sínú ebè. Ó ku méjì. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ àyà ebè, ó tẹ́ iṣu náà síbẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ó sì fi èèpẹ̀ bò ó. Iṣu náà fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Inú àgbá ni wọ́n ti pò ó nílùú, irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kí ó lè rí bí iṣu, wọ́n sì lẹ irun tín-ín-rín mọ́ ọn lára kí ẹni tí kò rí iṣu rí má bàa ṣiyèméjì. Ní aago mẹ́wàá, àwọn àlejò yóò dé, wọn yóò wà á jáde, wọn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn wọn yóò sì máa ka ìdùnnú wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìbẹ̀wò Oko.

"Èyí tó o rì sápá òsì yẹn," ni bàbá rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀, "orí rẹ̀ lo kọ sísàlẹ̀."

"Kí ló burú níbẹ̀, Bàámi? Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi."

Òjélàdé bẹ̀rẹ̀, ó wa iṣu àgbá náà jáde, ó yí orí rẹ̀ sókè, ó sì tún un rì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Nínú ìwé Àjọ, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Àgbẹ̀ Àfihàn, Ìpele Kejì. Àjọ ló fún un ní ṣòkòtò tó wọ̀, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya lórúnkún méjèèjì, nítorí ìwádìí kan fi hàn pé inú àlejò a máa dùn sí àgbẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ ya ju èyí tí aṣọ rẹ̀ pé lọ. Ìbídùn mọ ìwádìí náà. Òun ló ṣe é. Ọdún márùn-ún ló fi kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, kò sì sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni gbìn níbẹ̀ láàárín ọdún márààrún. Bí a ṣe ń pe àlejò wá sóko ni wọ́n kọ́ wọn, àti bí a ṣe ń dá wọn dúró, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń mú kí wọ́n padà wá.

Bùbá, ẹni tó ń da màlúù, gba ẹ̀bá ọ̀nà kọjá pẹ̀lú màlúù onírin márùn-ún. Wọ́n ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ wọn ń dún ká-ká-ká lórí òkúta.

"Ọ̀gá Ìbídùn," ó wí, "ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí tún ti ń han bí ìlẹ̀kùn."

"Fi òróró sí i."

"Mo fi sí i. Ó ní òróró kọ́, ebi ló ń pa òun. Mo ní kó dákẹ́, ìwọ nìkan kọ́."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lódìkejì odò, níbi tí Oko Ìbẹ̀wò Kẹrìnlá wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà funfun bí eérú. Kò sí koríko, kò sí kòkòrò, ẹyẹ kì í bà níbẹ̀. Oko náà gba máàkì ìdùnnú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ní sáà tó kọjá, ọgọ́ta sì ni Àjọ ń fẹ́. Nígbà tó yá, ọkọ̀ dé, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé gíga nílùú, wọ́n sì da omi oorun sí ilẹ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ní yóò fi sùn. Lórí pátákó ẹnu ọ̀nà gbogbo oko tó kù, òfin náà wà ní lẹ́tà gàdàgbà: *Ilẹ̀ ń sinmi. Ẹni tó bá mú oúnjẹ jáde nínú rẹ̀ jí i lójú oorun.*

Oko Kẹtàdínlógún, tiwọn yìí, gba mẹ́tàléláàádọ́ta. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fi àwọn màlúù han àlejò, níbi tí ọ̀nà àlejò pin sí, ebè méje wà tí Ìbídùn kì í rì iṣu àgbá sí. Ewé ọ̀rá bò wọ́n bó ṣe bo igba ebè tó kù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ká ewé ọ̀rá náà sókè, yóò rí ewé mìíràn lábẹ́ rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ létí. Èfùrù ni, iṣu tòótọ́. Ní ọdún tí òfin jáde, ìyá Ìbídùn rán ẹbu iṣu méje sínú ìrọ̀rí, ó sì gbé orí lé e níṣojú àwọn tó wá tú ilé wò. Láti ìgbà náà, Òjélàdé ń gbìn ín lọ́dọọdún, ó ń wà á, ó ń gé e ṣe ẹbu, ó tún ń gbìn ín. Èyí tó bá ju ebè méje lọ, ó ń rì í jìn sínú ilẹ̀ kó lè jẹrà, nítorí òórùn iṣu sísun kò ṣeé fi pamọ́. Ìyá Ìbídùn kú láìtún tọ́ ọ wò.

*

Àlejò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dé lọ́jọ́ náà. Wọ́n wa iṣu, wọ́n sun ún nídìí iná ńlá tí Ìbídùn dá, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ṣòkòtò Òjélàdé. Àwọ̀ ẹ̀gbà ọrùn wọn kúrò ní pupa, ó di yẹ́lò, ó sì dúró síbẹ̀. Yẹ́lò kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tí kò bá wọn débi iná. Olátóún ni orúkọ tó wà lára ẹ̀gbà tirẹ̀. Ó ń tẹ̀lé ọ̀nà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ewé ọ̀rá níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà pin sí. Òjélàdé wà níbẹ̀, ó ń tún ìbò orí ebè ṣe. Ìbídùn sáré tẹ̀ lé obìnrin náà kó lè dá a padà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àroko bọ́dún dé o, àgbẹ̀."

Ọwọ́ Òjélàdé dúró. Kíkí yìí kò sí nínú ìwé tí Àjọ ń fún àlejò. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti kí i bẹ́ẹ̀.

"Oo, Ìyá. Ẹ kú ìrìn."

"Ìyá tèmi ní oko lápá Ìgànná," ni obìnrin náà wí. "Mo ń wo àwọn ewé yìí láti àárọ̀, kò sí ọ̀kan tí kòkòrò jẹ. Mo ní oko wo ni kòkòrò kì í yà sí?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ di ọ̀pá ewé kan mú kó má bàa ṣubú. "Àgbẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín. Ebi ń pa mí."

"Iná wà lọ́hùn-ún, Ìyá," ni Ìbídùn wí kíákíá. "Wọ́n ń pín iṣu. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ."

"Mo ti jẹ nínú ìyẹn, ọmọ mi. Ohun kan náà tí wọ́n ń fún wa nílé ni. Àwa tí a ti lé ní àádọ́rin, wọ́n ti dín tiwa kù láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní a kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lóòjọ́. Àwọn ọmọ mi fi owó ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí fún mi nítorí ọjọ́ ìbí mi." Ó gbé ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sókè wò. Mẹ́sàn-án ni nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. "Ì bá sàn kí wọ́n ra oúnjẹ."

Òjélàdé wo obìnrin náà, ó wo ọ̀nà, ó sì fi àdá rẹ̀ gé okùn tó so ewé ọ̀rá mọ́ ebè kìíní.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ mú iná wá níbi ti àwọn yẹn. Èéfín á pa pọ̀ mọ́ tiwọn."

"Ẹ mọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀."

"Mo mọ̀. O sì mọ ohun tó sọ. Ó dé etí oko, ó kí mi bí àgbẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n máa wò ó?" Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ebè. "Ìyá, ẹ gbọ́ o. Ibí yìí lẹ ó ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ ò gbọdọ̀ mú un lọ sílé."

"Ta ni kò mọ̀yẹn?" ni Olátóún wí. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ọmọdébìnrin. "Ẹni tó jẹ nínú oko kì í ṣe olè. Ẹni tó bá gbé e kúrò lóko ni olè."

Ìbídùn mú iná wá. Nígbà tí iṣu náà jinná, tí Òjélàdé fi àdá ha ara rẹ̀ tó dúdú, tó sì là á sí méjì, èéfín funfun kan ti inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú òórùn tí Ìbídùn ti gbàgbé pé òun mọ̀. Obìnrin náà nawọ́ gbà á. Ó jẹ ìlàjì kan tán, ó jẹ ìkejì tán, ó sì lá ìka rẹ̀. Lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀gbà náà di yẹ́lò, ó di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ kan tí Ìbídùn kò rí rí nínú ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ó funfun, ó sì ń tàn. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

*

Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì, alábòójútó láti ọ́fíìsì Àjọ, dé ní ọjọ́ kẹta. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà lòun àti Ìbídùn ti jáde. Ọdún méjì ló fi ṣáájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó jókòó sínú ilé àlejò, ó gbé ọ̀pá awalẹ̀ sórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀pá náà bọ ebè, yóò sọ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ń mí.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń tún ebè ṣe."

"Ó dára. Ṣé wọ́n ṣì ń wọ ṣòkòtò yẹn? Iṣẹ́ tó o ṣe lórí ṣòkòtò yẹn, a ṣì ń fi kọ́ àwọn tuntun." Ó tẹ ohun kan, àwòrán kan sì yọ lójú ògiri. Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ìdùnnú àlejò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlá nínú wọn rí bí òkìtì kéékèèké tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀. Ẹyọ kan dìde láàárín wọn bí ọ̀pẹ láàárín pápá. "Kí lẹ fún obìnrin yìí?"

"Iṣu, sà."

"Iṣu wo?"

"Iṣu tí ẹ kó ránṣẹ́ sí wa."

"Àwọn mẹ́rìnlá tó kù náà jẹ ẹ́. Ẹni tó ga jù nínú wọn, mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló gbà." Kúforíjì fi ìka ti ọ̀pá náà, ó yí díẹ̀ lórí tábìlì. "Ìbídùn, n kò fura sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí nílùú, mo sì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Bí kò bá sí, mo lè tẹ ọ̀pá yìí bọ ebè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ní igba ebè ó lé méje. Kò lè ju wákàtí mẹ́ta lọ."

Ìbídùn gbọ́ ìró àdá bàbá rẹ̀ láti òkèèrè. Ó ronú kan omi oorun. Ó ronú kan ìrọ̀rí ìyá rẹ̀. Ó sì rí i pé ìdáhùn kan wà, pé òtítọ́ ni apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti pé bí òun bá ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu báyìí, kò sí ẹni tí yóò lè dá a padà.

Ó lè dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, wákàtí mẹ́ta.

"Orí ìlà náà lẹ ń wò, sà," ó wí. "Ẹ wo ìdí rẹ̀."

Kúforíjì wò ó.

"Àwọn mẹ́rìnlá, láti márùndínláàádọ́ta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti jẹun kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́sàn-án. Iṣu kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Ibi tó ti gòkè wá ló jìn." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó já gaara, ó tò, ó dà bí ohùn ẹni tó dúró síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. "Kò sí nínú iṣu. Ebi ni."

Kúforíjì tún wo ìdí ìlà náà. Ó gbé ọ̀pá awalẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó gbé e ti ògiri.

"Nítorí náà, kò yẹ kí a máa náwó lórí àtiṣe iṣu tó dára sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àlejò ló yẹ kí a ṣe kó burú sí i."

Kúforíjì fa ìwé kan jáde.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mo rò pé ọjọ́ kan tó, sà. Kí wọ́n má jẹ oúnjẹ àárọ̀."

"Obìnrin yẹn ti fi oṣù mẹ́fà múra sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ìyà fún ẹni tó ṣì lágbára." Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. "A ó sì dín iṣu kù. Dípò mẹ́rìnlélógún, méjìlá. Ẹni tó bá yó kì í yára padà wá. Ọgọ́ta àlejò lójúmọ́, a ó sì pè é ní Ìrìn Àjò Àwọn Baba Wa. Ṣé o lè bá mi kọ ìpolówó rẹ̀? Ọwọ́ rẹ dára." Ó ti ìwé náà sí iwájú rẹ̀. "Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ ni. Èmi kì í gba iṣẹ́ oníṣẹ́."

Ó kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ìpolówó, òun náà sì dára: *Wá mọ adùn oúnjẹ bí baba ńlá rẹ ṣe mọ̀ ọ́n.* Kúforíjì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbóríyìn fún un, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ padà sínú ọkọ̀ láìtẹ̀ ẹ́ bọ ebè kankan.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìrìn Àjò náà bẹ̀rẹ̀, Òjélàdé bá ohun kan tó so mọ́ igi lórí ebè àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà tó kù. Awẹ́ bàtà gbígbó ni, àti ìlàjì ooya, àti ṣùkù àgbàdo onírọ́bà kan tí àlejò gbàgbé, tí wọ́n fi màrìwò so pọ̀.

"Ta ló so ààlè sóko mi?"

"Èmi ni," ni Ìbídùn wí.

"O kò so ó dáadáa. Ooya ló yẹ kó wà lókè." Ó tún un so. "Olè wo lo rí?"

"Mo ń rí i bọ̀, Bàámi."

Ó wò ó pẹ́, ó sì padà sídìí ebè rẹ̀.

Ọkọ̀ méjì ló kó wọn dé. Ìbídùn ti mọ ariwo àlejò láti ọdún mẹ́ta; àwọn wọ̀nyí kò pariwo. Ọgọ́ta ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì dúró bí ẹni tó wà níwájú dókítà. Ó ka ọ̀rọ̀ ìkíni fún wọn. Kò tíì parí rẹ̀ tí wọ́n fi wọnú ebè. Iṣu méjìlá náà kò dé ibi iná. Wọ́n bù wọ́n jẹ tèèpẹ̀tèèpẹ̀, ìyẹn àwọn tí ọwọ́ wọn tó o. Àwọn tó kù tú ebè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n tún tú u.

Bùbá wá láti ọ̀nà màlúù. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Mílíìkì tí wọ́n rọ sínú màlúù ti tán láti àárọ̀," ó wí. "Àwọn àlejò ò fi ọmú wọn sílẹ̀. Irin ni wọ́n ń mu, Ìbídùn. Mo wí fún wọn. Wọ́n ní kò burú."

Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó jọ olùkọ́, ti kúnlẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń jẹ ewé ọ̀rá. Ìbídùn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ tu ú dànù, sà. Kì í ṣe ewé."

"Mo mọ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Obìnrin kan tó gbé oyún lọ sí ibi tí ọ̀nà pin sí, àwọn díẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Òjélàdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdá rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ bí a ṣe ń kí àgbẹ̀. Ó kàn dúró létí ebè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ má bínú. Ebi ń pa wá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti ẹ̀rọ oúnjẹ ilé wa pa. Wọ́n ní ara ìrìn àjò náà ni, pé ọ̀mọ̀wé kan tó wà níhìn-ín ló gbìmọ̀ rẹ̀."

Òjélàdé yí ojú padà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bàámi." Kò gbé ojú sílẹ̀. "Wọ́n gbé ọ̀pá wá. Wọn ì bá rí i. Nítorí ebè mẹ́fà yìí ni."

"Ebè mẹ́fà," ni bàbá rẹ̀ wí. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń wọn nǹkan lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó nàgà, ó tú ààlè kúrò lórí ebè àkọ́kọ́, ó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìbídùn bọ́ síwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbà ọgọ́ta ló wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn kò ní yí àtàrí kí bàálù Àjọ tó dé. Ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú lọ. Ilẹ̀ yìí á sùn."

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ìbídùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún èèpẹ̀ kan èjìká rẹ̀, ó sì rọra tì í sápá kan. "Bí mo bá jókòó ti ẹbu, tí àwọn wọ̀nyí sì dúró báyìí, kí ni mo fi sàn ju àgbá lọ? Ààlè kì í mú ẹni tí ebi ń pa. Bóyá wọn ò kọ́ yín nílé ìwé yẹn. Lọ ṣẹ́ igi wá."

Ó ṣẹ́ igi wá. Kò sí ohun mìíràn tó mọ̀ láti ṣe.

Iṣu mẹ́fà, ọgọ́ta ènìyàn. Òjélàdé wa gbogbo rẹ̀, ó ń sun ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, orí pẹ̀lú ìdí, kò yọ ohunkóhun sọ́tọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ní tútù. Ìbídùn ló ń ha èyí tó jinná, òun ló sì ń fà á lé wọn lọ́wọ́. Aboyún náà gba tirẹ̀ ó sì jókòó. Bùbá gba ti àwọn tí kò lè rìn, ó gbé e lọ fún wọn. Kò sí ẹni tó jà. Wọ́n jẹun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀gbà ọrùn wọn sì ń funfun níkọ̀ọ̀kan, bí àtùpà tí wọ́n ń tàn lábúlé kan.

Nígbà tí Òjélàdé yí padà láti tún iná ṣe, Ìbídùn mú àdá, ó sì gé orí iṣu tútù náà. Kò ju ìkúùkù lọ. Ó fi ìdí ìró rẹ̀ wé e, ó tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ìyókù jinná, tí wọ́n sì pín in tán, olùkọ́ tó wọ awò dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní títẹ́. Òun nìkan ló kù. Ó ti rí ohun tí Ìbídùn ṣe. Iṣu náà kò kárí, ìpín rẹ̀ ló wà nínú ìró yẹn. Ìbídùn wo ọwọ́ rẹ̀, kò sì tú ìró. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó sì padà lọ jókòó. Ẹ̀gbà tirẹ̀ nìkan ló ṣì pupa.

Ariwo bàálù bẹ̀rẹ̀ láti ìhà gúúsù, ó kéré bí ti oyin.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni Òjélàdé bi í.

"Kò sí nǹkan, Bàámi."

Láti kékeré Ìbídùn ni Òjélàdé kì í ti gba irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìdí ìró náà, ó wo olùkọ́ tó jókòó láìsí nǹkan lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ààlè tó wà nílẹ̀, ó gbọn èèpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ibi tó o bá gbìn ín sí, so èyí mọ́ ọn. Ooya lókè."

Lẹ́yìn náà ó pín èérún iṣu tó kó jọ fún ara rẹ̀ sí méjì, ó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ náà, ó sì jókòó tì í.

Ìbídùn gba ẹ̀yìn ebè, ó kọjá pátákó, ó rọ́ wọnú odò, ó bọ́ sórí ilẹ̀ funfun Oko Kẹrìnlá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rò pé ènìyàn lè gbà. Eérú ilẹ̀ náà kò dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òórùn iṣu sísun ń tẹ̀ lé e, ariwo bàálù sì ń wúwo sí i lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Àwọn ọgọ́ta yẹn jẹ níbẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé e kọjá ẹnu oko. Nínú gbogbo ẹni tó tẹ ilẹ̀ Òjélàdé lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ nìkan ni olè.